Ilé Tí A Gbẹ́, Ilé Tí A Kọ́

Orúkọ òkúta ni Siporex. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ gbákà ní ìkóríta tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Yopougon, ní Abidjan, tó ń ra ata tàbí aṣọ lọ́jà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò rí ìdí láti rò ó bẹ́ẹ̀, nítorí pé orúkọ àdúgbò ti gbé orúkọ òkúta mì. Ṣùgbọ́n kó tó di àdúgbò, búlọ́ọ̀kù ni: òkúta àtọwọ́dá tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní ilẹ̀ Sweden lẹ́yìn ọdún 1930. Wọ́n á po yanrìn, sìmẹ́ńtì, ẹfun àti omi pọ̀, wọ́n á bu ìyẹ̀fun alumíníọ̀mù díẹ̀ sí i, àpòpọ̀ náà á sì máa wú bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì tó ti gba ìwúkàrà, títí ihò wẹ́wẹ́ á fi kún inú rẹ̀. Kó tó le tán, okùn irin tín-ín-rín ni wọ́n fi ń gé e sí wẹ́wẹ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ooru omi sè é kó tó gan. Òkúta tó fúyẹ́ ni, tí káfíńtà lè fi ayùn rẹ́ bí ìgbà tó ń rẹ́ pákó. Ilẹ̀ Yopougon kì í ṣe ilẹ̀ àpáta. Yanrìn ló pọ̀ níbẹ̀, lẹ́bàá ọ̀sà Ébrié. Níbi tí òkúta kò sí, ènìyàn ṣe òkúta tirẹ̀, ó sì fi ihò sí i nínú.

Àwọn Yorùbá tí ará Abidjan ń pè ní Ànàgó, àwọn ọmọ Èjìgbò, Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn ìlú mìíràn, wà lára àwọn tó ń gba ìkóríta yìí kọjá lójoojúmọ́. Ilẹ̀ Yorùbá tí wọ́n ti wá kì í ṣe ilẹ̀ yanrìn lásán. Láti Abẹ́òkúta dé Ìdànrè, láti Adó-Àwáyè dé Ìkẹ́rẹ́, àpáta ńláńlá ló gbé orí sókè láàárín igbó àti ọ̀dàn, tí àwọn míì ga ju ilé alájà ogún lọ. Bí ẹni tó dàgbà sí ìdí irú àpáta bẹ́ẹ̀ bá rí àwòrán àwọn ilé ìsìn tí àwọn ará Íńdíà gbẹ́ sínú òkè, ìbéèrè kan kì í pẹ́ dé: àwọn baba ńlá wa náà ní àpáta, wọ́n ní irin, wọ́n ní òrìṣà, kí ló dé tí wọn kò gbẹ́ irú rẹ̀? Mo ti gbọ́ ìbéèrè yìí lọ́nà tó fi hàn pé ìtìjú ló wà lábẹ́ rẹ̀, bí ẹni pé òkúta tí a kò gbẹ́ jẹ́ iṣẹ́ tí a kò lè ṣe. Èrò tèmi ni pé kì í ṣe àìlèṣe. Ìpinnu ni, ó sì dá lórí ẹni tí a fẹ́ kí ó ru ẹrù ìrántí: ṣé òkúta ni, àbí ènìyàn? Kí èyí tó lè yé wa, ó yẹ ká kọ́kọ́ wo ohun tí àwọn ará Íńdíà ṣe ní ti gidi, nítorí pé ó jinlẹ̀ ju bí àwòrán ṣe ń fi hàn.

Èdè wa fúnra rẹ̀ ti fi ọwọ́ kan gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Ilé ni à ń kọ́. Odó, ọpọ́n, ìlù àti ère ni à ń gbẹ́. Ẹni tó ń kọ́ ń fi nǹkan lé nǹkan lórí, ipele lórí ipele, bí ipele kan bá sì wọ́, ó lè wó o kó tún un mọ. Ẹni tó ń gbẹ́ ń yọ nǹkan kúrò títí ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ á fi ṣẹ́ kù. Bí agbẹ́dó bá gbẹ́ ìdí odó jù, kò sí bó ṣe lè fi igi lẹ̀ ẹ́. Àwọn ará Íńdíà gbẹ́ ilé bí a ti ń gbẹ́ odó. Ní Ellora, ní ìwọ̀ oòrùn Íńdíà, níbi tí ihò ìsìn 34 wà lára òkè kan ṣoṣo, ọba Krishna Kìíní ti ìdílé Rashtrakuta ni a mọ̀ mọ́ iṣẹ́ ilé ìsìn Kailasa ní ọ̀rúndún kẹjọ. Orí òkè ni àwọn agbẹ́kùúta ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbẹ́ yàrà jíjìn sí ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, wọ́n dá gbàgìdì òkúta kan sí láàárín, wọ́n sì ń gbẹ́ ẹ bọ̀ láti òkè wá sílẹ̀: òrùlé ni wọ́n kọ́kọ́ parí, ìpìlẹ̀ ló gbẹ̀yìn. Ilé tó ga tó nǹkan bí mítà 30, tó ní òpó, àgbàlá, erin òkúta àti àtẹ̀gùn, jẹ́ òkúta kan náà pẹ̀lú òkè tó yí i ká. Àwọn tó ṣírò òkúta tí wọ́n kó dànù níbẹ̀ sọ pé ó tó 200,000 tọ́ọ̀nù. Ọ̀gá iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ti rí gbogbo ilé náà lọ́kàn, títí dé ọmọ ìka ère tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, kí irin àkọ́kọ́ tó kan orí òkè.

Kailasa ló gbajúmọ̀ jù, àmọ́ lójú mi, àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ló sọ àṣírí iṣẹ́ náà. Èyí tó pẹ́ jù nínú àwọn tí a lè fi ọjọ́ sí wà ní òkè Barabar ní Bihar. Ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Jésù, ọba Ashoka fi ihò níbẹ̀ ta àwọn Ajivika lọ́rẹ, àwọn ẹlẹ́sìn kan tó ti kọ ayé sílẹ̀; ó sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọdún ìjọba rẹ̀ sára ògiri. Gíránáìtì ni òkúta Barabar, wọ́n sì dán inú rẹ̀ títí tó fi ń kọ mànà bí dígí. Ẹnu ọ̀nà ọ̀kan nínú wọn, tí à ń pè ní Lomas Rishi, ni ká tẹjú mọ́ dáadáa. Wọ́n gbẹ́ ẹ bí iwájú ahéré: igi òrùlé ń yọ orí jáde, òrùlé tẹ̀ kọdọrọ, òpó méjèèjì fi ara sẹ́yìn díẹ̀ bí òpó igi tó ń gba ẹrù. Òkúta ni gbogbo rẹ̀. Kò sí igi níbẹ̀, kò sí ẹrù tí òpó ń gbà. Ìrántí ilé onígi ni wọ́n gbẹ́ sára àpáta.

Ní Bhaja àti ní Karla, lórí àwọn òkè tó wà láàárín ìlú Mumbai àti Pune, ọ̀rọ̀ náà tún ga sí i. Gbọ̀ngàn Karla, tí wọ́n gbẹ́ ní nǹkan bí ọ̀rúndún kìíní lẹ́yìn ìbí Jésù, gùn tó mítà 45, àjà rẹ̀ sì tẹ̀ bí inú ọkọ̀ ojú omi tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Wọ́n to àwọn igi tíìkì títẹ̀ mọ́ àjà náà bí eegun ìhà. Igi gidi ni, wọ́n ṣì wà níbẹ̀ dòní. Igi yẹn kò gbé ohunkóhun ró. Òkè ló gbé ara rẹ̀ ró. Bí a bá yọ gbogbo igi náà kúrò, àjà kò ní mira. Kí ló dé tí wọ́n fi wàhálà gbé e sókè? Nítorí pé ilé ìsìn tí àwọn ènìyàn yẹn mọ̀, tí wọ́n ti ń gbàdúrà nínú rẹ̀ láti ìran dé ìran, ilé onígi ni, ilé tí kò ní igi lájà kò sì lè jọ ilé ìsìn lójú wọn. Lára àwọn tó kọ orúkọ wọn sí ògiri Karla ni Sami, gbẹ́nàgbẹ́nà kan láti ìlú Dhenukakata, tó sọ pé òun ni òun ṣe ẹnu ọ̀nà ilé náà. Ọlọ́nà igi ló sọ ara rẹ̀ di ọlọ́nà òkúta. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń wo ihò Íńdíà bí ẹni ń wo iṣẹ́ àwọn tí òkúta wà lẹ́jẹ̀ wọn, a ti ṣì wọ́n mú. Àwọn kọ́lékọ́lé onígi ni wọ́n, tí ìdí pàtàkì kan mú kí wọ́n gbé iṣẹ́ wọn wọ inú òkúta.

Ìdí náà hàn nínú ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀. Ìlànà àwọn mọ́ńkì ẹ̀sìn Búdà ni pé kí wọ́n má ní ilé. Kí wọ́n máa rìn láti ìlú dé ìlú kí wọ́n sì máa gba oúnjẹ lọ́wọ́ ènìyàn. Ṣùgbọ́n òjò Íńdíà kì í ṣe òjò tí a ń rìn nínú rẹ̀, nítorí náà wọ́n ní oṣù mẹ́ta tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi dúró sójú kan. Ihò àpáta kọ́kọ́ jẹ́ ibi ìsádi òjò. Àwọn òkè ìwọ̀ oòrùn náà sì ni ọ̀nà àwọn oníṣòwò gbà láti àárín ilẹ̀ lọ sí èbúté bíi Sopara àti Kalyan. Oníṣòwò tó jèrè ń wá èrè mìíràn, ti ọ̀run. Ó ń sanwó òpó kan, ìjókòó kan, kòtò omi kan, ó sì ń kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Ní Karla, àwọn Yavana, ìyẹn àwọn tí wọ́n kà sí ọmọ ilẹ̀ Gíríìkì, wà lára àwọn tó sanwó òpó, olówó kan láti Vaijayanti tó ń jẹ́ Bhutapala sì fọ́nnu lára ògiri pé ilé náà ni ó dára jù ní gbogbo ilẹ̀ Íńdíà. Ọrẹ tí ènìyàn fẹ́ kí èrè rẹ̀ máa bá a lọ lẹ́yìn ikú ni, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ wà nínú ohun tí kì í kú. Àwọn mọ́ńkì kì í bímọ. Oníṣòwò ń kọjá lọ. Kò sí ìdílé kan tó lè sọ pé ilé yìí ni ilé baba mi, èmi ni màá máa rẹ́ ẹ lọ́dọọdún. Òkúta ni wọ́n fi ṣe àrólé.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sílé. Abẹ́òkúta: abẹ́ ni orúkọ náà wí, kò wí pé inú. Nígbà tí ogun lé àwọn Ẹ̀gbá kúrò ní ilé wọn, tí wọ́n tẹ ìlú náà dó ní 1830 pẹ̀lú Ṣódẹkẹ́ níwájú wọn, abẹ́ àpáta Olúmọ ni wọ́n forí pamọ́ sí. Ẹni tó bá wọ abẹ́ rẹ̀ lónìí yóò rí i pé ògiri amọ̀ ni wọ́n fi pín ibẹ̀ sí yàrá, tí àpáta sì dúró bí òrùlé. Lórí ilẹ̀ òkúta, àwọn kòtò kéékèèké wà tí wọ́n ń lọ oúnjẹ nínú wọn. Ojúbọ wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwòrò rẹ̀ àti ọdún rẹ̀. Àmì irin agbẹ́kùúta ni kò sí. Èyí kò yà mí lẹ́nu, nítorí pé àpáta náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń bọ. Ilé òrìṣà Íńdíà wà nínú òkè. Ní Abẹ́òkúta, òkè ni òrìṣà. Ẹni tó dáàbò bò ọ́ nígbà ogun, o kò ní gbẹ́ inú rẹ̀ kó o lè ríbi jókòó. O máa bọ ọ́, o máa kí i, o máa jókòó sábẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Òkè'bàdàn ní ìlú Ìbàdàn, òkè tí ìlú ń ṣọdún fún bí ìyá.

Àpẹẹrẹ tó lágbára jù lọ, tí mo rò pé a kì í sábà lò nínú ọ̀rọ̀ yìí, wà ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Àpáta ńlá Olósùnta àti Òrólè dúró gbàgìdì sí ìlú náà, wọ́n sì ń ṣe ọdún Olósùnta níbẹ̀ títí di òní. Ní ìlú yìí kan náà, láàárín 1910 sí 1914, Ògògà, ọba ìlú Ìkẹ́rẹ́, gbé iṣẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn ààfin fún Ọlọ́wẹ̀ ti Ìṣẹ̀, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn agbẹ́gilére tó mọ iṣẹ́ jù ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ ọba sórí ìtẹ́ tí ìyàwó àgbà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó gbẹ́ ẹlẹ́ṣin, ó gbẹ́ ilẹ̀kùn tí ère inú rẹ̀ yọ síta débi pé òjìji wọn ń ṣubú lu ara wọn. Ọ̀nà tó gbẹ́ wọn jinlẹ̀ tó iṣẹ́ kí iṣẹ́ ní àwọn ihò Ajanta ní Íńdíà. Ìtòsí ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ ni gíránáìtì tó pọ̀ tó láti gbẹ́ ààfin ọgọ́rùn-ún wà. Igi ló mú. Ìlú tó ní irú ọwọ́ yẹn àti irú òkúta yẹn nígbà kan náà, tí kò sì jẹ́ kí wọ́n pàdé, ìlú tó mọ ohun tó ń ṣe ni.

Àwọn kan yóò ní àwíjàre ni gbogbo èyí, pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó ọsàn ló ń pè é ní kíkan. Kì í ṣe àtakò tó yẹ ká fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, nítorí pé ẹ̀rí nìkan ló lè dá a lóhùn. Ẹ̀rí náà wà ní Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn jẹ́ ọ̀wọ̀n gíránáìtì tó ga ju mítà 5 lọ, tí wọ́n kan ìṣó irin mọ́ ara rẹ̀. Ẹni tó ń gbá ìṣó wọ gíránáìtì ti kọ́kọ́ lu ihò sí òkúta tó le gan-an. Ère Ìdènà ní igbó Ọ̀rẹ̀, òun náà gíránáìtì ni, òun náà ní irin lórí. Wọ́n tún gbẹ́ àpótí ìjókòó sínú òkúta kúọ́tì, èyí tó le ju gíránáìtì lọ, wọ́n sì dán an. Ní Ẹ̀ṣíẹ́, ère òkúta ọṣẹ tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan wà níbẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin lórí ìjókòó, tí àwọn ará ìlú ti ń bọ tipẹ́ kí àwọn òyìnbó tó gbọ́ nípa wọn ní 1933. Ilé tí wọ́n kọ́ fún wọn ní 1945 ni mùsíọ́mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. A mọ òkúta í gbẹ́. Ère àti ìtẹ́ ni a gbẹ́ níbẹ̀, a kò gbẹ́ ilé.

Bí wọ́n bá tún ní iṣẹ́ ọwọ́ la ní, pé agbára láti kó ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ sídìí iṣẹ́ kan ni a kò ní, Erédò Sùngbọ́ wà nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Yàrà àti òkìtì ni, ó yí ilẹ̀ ká ní nǹkan bíi kìlómítà 160, àwọn ibì kan sì wà tí ó ga tó mítà 20 láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì. Erùpẹ̀ pupa tó ń gan bí òkúta ni wọ́n gbẹ́ jáde níbẹ̀, ní iye tí Kailasa kò lè sún mọ́. Wọ́n gbẹ́ ẹ nítorí pé ààlà àti ààbò ni wọ́n ń fẹ́. Ní Bohicon ní orílẹ̀-èdè Benin, ní ìlú Agongointo, nígbà tí katakata tó ń la ọ̀nà já sínú ilẹ̀ ní 1998, yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí àwọn ará àtijọ́ gbẹ́ ni ó já sí. Àwọn ará ilẹ̀ wa ń gbẹ́ nígbà tí ohun tí wọ́n ń fẹ́ bá jẹ́ ohun tí gbígbẹ́ nìkan lè fún wọn. Ẹni tó bá sì sọ pé igbó ló fún wa ní igi lọ́fẹ̀ẹ́, òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n kí ó rántí igi tíìkì tó wà lájà Karla. Àwọn ará Íńdíà náà ní igi rẹpẹtẹ.

Àtakò kan ṣẹ́ kù tó wúwo ju gbogbo ìyókù lọ, mi ò sì ní díbọ́n pé mo lè borí rẹ̀ pátápátá. Ó ní: jẹ́ ká gbà pé ìpinnu ni, ìpinnu burúkú ni. Amọ̀ ń yọ́, igi ń jẹrà, òkúta ń dúró. Ẹni tó bá ń gbé ní Côte d'Ivoire ní ẹ̀rí èyí nítòsí. Ní àríwá orílẹ̀-èdè náà, ní Kong, Kaouara, Tengréla, Kouto àti Sorobango, àwọn mọ́ṣáláṣí alámọ̀ wà tí UNESCO fi mẹ́jọ nínú wọn sínú ìwé ohun ìní aráyé ní 2021. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, irú wọn tó ọgọ́rùn-ún mélòó kan. Nǹkan bí ogún ló kù. Iye yìí dùn mí, kò sì sí ọ̀rọ̀ dídùn tó lè bò ó mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbẹ́ wọn sínú òkè ni, gbogbo wọn ìbá wà níbẹ̀ lónìí.

Síbẹ̀, ẹ wo bí àwọn tó kù ṣe kù. Igi ń yọ orí jáde lára ògiri wọn yípo, ìlà lórí ìlà, àlejò sì lè rò pé ọ̀ṣọ́ ni. Àkàsọ̀ ni. Nígbà ẹ̀rùn, lẹ́yìn tí òjò bá ti fọ ara ògiri, àwọn ọmọ ìlú á gùn wọ́n, wọ́n á gbé amọ̀ tuntun sókè, wọ́n á rẹ́ ilé náà láti orí dé ilẹ̀. Ilé náà gbé ọwọ́ síta de àwọn tí yóò tún un ṣe. Fi í wé igi àjà Karla: ọ̀kan jẹ́ ìrántí iṣẹ́ tí igi ti ń ṣe rí, èkejì ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí ajagun Sàmórì Touré pa Kong run ní 1897, mọ́ṣáláṣí náà bá ìlú lọ. Àwọn tó padà wá tún un kọ́, nítorí pé ìmọ̀ bí a ṣe ń kọ́ ọ kò sí nínú ògiri tó wó, ọwọ́ ènìyàn ló wà. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i: kì í ṣe ìtùnú lásán ni òwe yẹn, àlàyé ìmọ̀ ìkọ́lé ni. Ó wà fún ilé tí àwọn tó kọ́ ọ ṣì wà láàyè tàbí tí wọ́n ti kọ́ ọmọ wọn níṣẹ́. Bí Kailasa bá ya sí méjì, ta ni yóò tún un gbẹ́?

Àwọn olówó Íńdíà pàápàá mọ̀ pé òkúta nìkan kò tó. Ní àwọn ihò Nashik, Ushavadata, àna ọba Nahapana, jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri pé òun fi ẹgbẹ̀rún mẹ́ta owó sí ọwọ́ ẹgbẹ́ àwọn ahunṣọ, kí èlé rẹ̀ máa bọ́ sọ́wọ́ àwọn mọ́ńkì fún aṣọ àti ìnáwó wọn. Ihò ti wà; ẹni tí yóò máa gbé inú rẹ̀ ni ó ń wá ọ̀nà àtitọ́jú. Ibi tí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ti tán, a rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ajanta ní nǹkan bí ọgbọ̀n ihò, tí àwòrán ara ògiri wọn kò ní ẹlẹ́gbẹ́ ní Íńdíà àtijọ́. Nígbà ayé ọba Harishena, ní ọ̀rúndún karùn-ún, iṣẹ́ ń lọ níbẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ọba kú, owó dá, àwọn agbẹ́kùúta gbé irin wọn, wọ́n lọ. Ihò kan wà níbẹ̀ tí òpó rẹ̀ ṣì wà láàbọ̀ ara òkúta dòní. Igbó bo ibẹ̀. Ní 1819, John Smith, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń dọdẹ ẹkùn, dé ibẹ̀, ó sì fi ọ̀bẹ ha orúkọ ara rẹ̀ sí ara òpó kan tí àwòrán Búdà wà. Òkúta ti dúró fún ẹgbẹ̀rún ọdún ó lé. Àwọn tó lè sọ fún un pé kò yẹ kó ha ibẹ̀ ni kò dúró. Mo mọ̀ pé Ellora kò ṣófo bẹ́ẹ̀, pé àwọn tó ń jọ́sìn kò yé wá síbẹ̀, mo sì mọ̀ pé àwọn ṣọ́ọ̀ṣì 11 tí wọ́n gbẹ́ sínú àpáta ní Lalibela ní Etiópíà ṣì ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lọ́jọ́ ọdún. Àwọn méjèèjì wà láàyè nítorí àlùfáà, ọdún àti àwọn arìnrìn-àjò ìsìn, bí Olúmọ ṣe wà láàyè.

Ohun tí mo gbà fún alátakò ni pé òkúta mọ bí a ṣe ń dúró deni. Bí àwọn ènìyàn bá lọ fún ẹgbẹ̀rún ọdún, wọ́n á bá a níbẹ̀. Amọ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni ju òjò mélòó kan lọ, igi sì ṣeé gbé lọ: ilẹ̀kùn Ọlọ́wẹ̀ lọ sí ìpàtẹ Wembley ní London ní 1924, kò padà sí Ìkẹ́rẹ́ mọ́, Mùsíọ́mù Gẹ̀ẹ́sì ló wà, òpó ọba rẹ̀ sì wà ní Chicago. Kò sẹ́ni tó lè gbé Kailasa lọ sí London. Àwọn baba wa san owó ńlá fún ìpinnu wọn, àwa ni a sì ń san ìyókù. Ṣùgbọ́n owó ìpinnu yàtọ̀ sí ẹ̀bi àìmọ̀kan. Ẹni tó bá rò pé àìmọ̀ ló fa gbèsè yìí yóò fẹ́ fi òkúta san án: yóò fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri amọ̀ kó lè le bí àpáta. Ibi tí ìtìjú tí mo sọ níṣàájú ti ń ba nǹkan jẹ́ nìyẹn, nítorí pé amọ̀ ń mí, sìmẹ́ńtì kì í jẹ́ kó mí. Omi tó bá wọlé kò ní rí ọ̀nà jáde, ògiri á máa jẹrà lábẹ́ ẹ̀wù rẹ̀ tó le, títí yóò fi ya lulẹ̀ lọ́jọ́ kan. Àṣìṣe yìí ti ba ọ̀pọ̀ ilé alámọ̀ jẹ́ jákèjádò Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà.

Búlọ́ọ̀kù Siporex kì í ṣe ọ̀tá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó dára fún ilé tí wọ́n ṣe é fún, kò sì sí ẹni tó lè fi amọ̀ kó gbogbo ará Yopougon sílé. Síbẹ̀, bí owó àtúnṣe ilé àtijọ́ bá wà lọ́wọ́ ìjọba tàbí lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó ń dáwó jọ ní Abidjan fún ilé, mo fẹ́ kí ó kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà mọlémọlé tó ṣẹ́ kù, kí wọ́n fi gba ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ó tó lọ sórí ògiri kankan. Irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ ti ń dín kù ní Ẹ̀gbá àti ní Èkìtì, wọ́n ti ń dín kù ní Kong. Igi tó yọ orí jáde lára àwọn mọ́ṣáláṣí yẹn ṣì wà níbẹ̀, ó ń dúró de ẹsẹ̀ ẹni tí yóò gùn ún ní ẹ̀rùn tó ń bọ̀.